Mo fẹ́ fi fíìmù Contratiempo han ẹgbẹ́ wa: ibo ni kí n ti dá a dúró, kí ni kí n sì bi wọ́n?

Arẹwà Òkè-Àdó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ibí. Àwa obìnrin kan la máa ń pàdé nílé ara wa lóṣooṣù, a ó wo fíìmù, a ó jẹun, a ó sì sọ̀rọ̀ lé e lórí. Èmi ló kàn báyìí. Contratiempo ni mo mú, fíìmù Sípéènì tí Oriol Paulo darí ní 2016, èyí tí wọ́n ń pè ní The Invisible Guest ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti dá wò ó, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé bí a bá ti wo irú fíìmù báyìí tán, “háà, mi ò mọ̀ pé òun ni!” ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí a máa ń rí sọ. Ó parí, kálukú gbé àpò rẹ̀. Tọ̀tẹ̀ yìí mo fẹ́ kí a fà á, kí a jiyàn lórí ẹ̀bi àti ẹ̀tọ́ tó wà níbẹ̀, nítorí ó pọ̀. Ibo ni kí n ti dá a dúró? Irú ìbéèrè wo ni kí n bi wọ́n? Ẹni tí kò bá tíì wò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà kọjá ibí o, gbogbo àṣírí ló máa tú.

Bàbá Onísinimá

Ẹ kú iṣẹ́, Arẹwà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fetí gbọ́ Spanish, kí wọ́n máa ka Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún fáàrí. Obìnrin tó wá bá Adrián Doria, ọkùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn nínú fíìmù náà, nínú ilé láti ràn án lọ́wọ́ lórí ẹjọ́ rẹ̀, Ana Wagener ló ṣe é, eré lórí eré ló sì ń ṣe. Nínú ohùn rẹ̀ ni ẹ ti máa gbọ́ ọ, ní ìgbà kejì tí ẹ bá wò ó, pé obìnrin yìí ń gbé nǹkan mì. Bí wọ́n bá ti fi ohùn ẹlòmíràn bò ó, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Ìṣẹ́jú 106 péré ni, kò sí ẹni tó máa kú.

Ìyá Àdùkẹ́

Ojú ọ̀nà ni kí o ti dá a dúró, ọmọ mi, kò sí ibòmíràn.

Adrián àti Laura, àlè rẹ̀, ń ti ibi ìṣekúṣe wọn bọ̀. Ó ti parọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé Paris lòun wà. Àgbọ̀nrín já sójú títì, ọwọ́ ọkọ̀ yí, ọkọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán sì yà bàrá. Daniel Garrido lorúkọ ọmọ náà, kò de bẹ́líìtì ìjókòó. Lẹ́yìn ariwo yẹn, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Tẹ ìdúró níbẹ̀. Fún kálukú ní bébà pélébé àti bírò, kí wọ́n kọ ohun tí àwọn máa ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, kí wọ́n má fi hàn ẹnì kankan. Kó o jọ, kó o fi sábẹ́ àwo, kó o tàn án padà.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé títí di ibẹ̀ kò tíì sí ọ̀daràn nínú ọ̀rọ̀ náà. Jàǹbá ni. Ohun tí wọ́n máa pàdánù bí wọ́n bá pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, ò ju ìtìjú lọ: ìyàwó á gbọ́, ọkọ Laura náà á gbọ́, ìwé ìròyìn á kọ ọ́. Ọkọ̀ kan wá dúró láti béèrè bóyá wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́. Wọ́n fi òkú pamọ́ fún un lójú, wọ́n ní àwọn méjèèjì làwọn forí sọ ara àwọn, pé ìwé ìbánigbófò làwọn ń kọ. Ó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ pe ọlọ́pàá láti ìgbà yẹn ti ní ẹjọ́ méjì lọ́rùn, jàǹbá àti irọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Daniel wọ búùtù, ẹ̀yìn búùtù ni adágún omi.

Nítorí náà, kó o bi wọ́n pé: ìgbà wo ló ti pẹ́ jù láti padà sẹ́yìn? Wàá rí i, ibi tí Ṣadé máa tọ́ka sí kọ́ ni Bọ́sẹ̀ máa tọ́ka sí. Lójú tèmi, títí ọkọ̀ fi kan omi, ọ̀nà ṣì là.

Ọmọ Òṣogbo

Èmi ò ní í fi bò, Laura ni mo dá lẹ́bi. Ọkùnrin náà fẹ́ pe ọlọ́pàá, òun ló ní rárá. Òun ló ń tì í. Òun ló tún wọlé àwọn òbí ọmọ náà lọ jókòó, tó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Obìnrin bẹ́ẹ̀ ló ń ba ọkùnrin jẹ́.

Kọ́lá Alágbàwí

Ọmọ Òṣogbo, jọ̀wọ́, ta ló sọ fún ọ pé Laura ló ní rárá?

Ọmọ Òṣogbo

A rí i nínú fíìmù náà kẹ̀! Ojú mi ni mo fi rí i.

Kọ́lá Alágbàwí

Ohun tí Adrián sọ ni o rí. Kámẹ́rà ń ya ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ, ìwọ sì gbà á bí ẹ̀rí. Laura ti kú nígbà tí ìtàn náà ń bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tì láti inú, Adrián nìkan ló sì kù níbẹ̀ pẹ̀lú òkú rẹ̀. Òun nìkan ló ń rojọ́. Àgbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Oriol Paulo mọ̀ọ́mọ̀ sọ gbogbo wa di àgbà òṣìkà fún bíi wákàtí kan. Nígbà tó wá yí ìtàn padà, tí a rí ojú ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀kejì, Laura ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pe ọlọ́pàá, Adrián ló ń halẹ̀. Bárbara Lennie ló ṣe Laura; ẹ wo bó ṣe fi ojú kan náà ṣe èèyàn méjì, ọ̀daràn nínú ti àkọ́kọ́, ẹni tí ẹ̀rù mú nínú ti èkejì. Mario Casas tó ṣe Adrián náà gbìyànjú, ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ló gbé e.

Arẹwà, ìmọ̀ràn tèmi nìyí: ẹ dá a dúró lẹ́ẹ̀kejì, kété kí ìtàn tó yí. Ẹ ní kí wọ́n nawọ́: ta ló jẹ̀bi jù? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ọmọ Òṣogbo

Hmm. Mo gbọ́. Síbẹ̀, nínú ìtàn méjèèjì ó bá a dé ibẹ̀, ó sì pa ẹnu mọ́ fún oṣù mélòó kan. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ tó sì tún ṣe é ńkọ́?

Ìyá Àdùkẹ́

Ìyẹn ni ìbéèrè gidi. Fi sílẹ̀ fún àwọn obìnrin náà, má dáhùn rẹ̀ níbí.

Lọ́yà Abúlé

Ẹ jẹ́ kí n fi òfin díẹ̀ sí i, torí ó yí ìjiyàn náà padà. Òfin Sípéènì ni mo ń sọ, ẹ má fi tiwa wò ó.

Ìwé òfin ọ̀daràn wọn, abala 195, ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn rí ẹni tó wà nínú ewu ńlá kó má ràn án lọ́wọ́, bí kò bá ní í kó ara rẹ̀ sínú ewu. Bó bá jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo fa jàǹbá tó ṣe é, ìjìyà pọ̀ sí i: oṣù 6 sí oṣù 18 lẹ́wọ̀n bó bá jẹ́ èèṣì, oṣù 6 sí ọdún 4 bó bá jẹ́ àìbìkítà. Ẹ wá wò ó: ẹni tó wà láàyè nìkan ni ewu lè wu. Bó bá ti kú lójú ẹsẹ̀, abala yẹn ò lè fi taratara mú ẹni tó sá lọ. Ọ̀pọ̀ ẹbí àwọn tí ọkọ̀ pa, pàápàá jù lọ àwọn oníkẹ̀kẹ́, ló bínú sí èyí, tí wọ́n pariwo títí. Ní 2019 ni wọ́n ṣe òfin tuntun, abala 382 bis, tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ibi jàǹbá sílẹ̀ yálà ẹni náà ti kú tàbí kò tíì kú.

2016 ni fíìmù náà jáde, nítorí náà abẹ́ òfin àtijọ́ ni Adrián wà. Bí Daniel bá ti kú lójú títì, èèṣì ni, ìyókù ò ju pé ó gbé òkú pamọ́. Bí kò bá tíì kú ńkọ́? A wá gbọ́ ọ lópin pé Daniel mí nínú búùtù, Adrián rí i, ó sì ti ọkọ̀ náà sómi. Ìpànìyàn nìyẹn. Wàhálà tó ṣe láti bo èèṣì mọ́lẹ̀ ló sọ èèṣì di ìpànìyàn. Ẹ bi àwọn obìnrin yín bóyá ìyàtọ̀ wà, nínú ọkàn ẹni, láàárín ọkùnrin tó ti ọkọ̀ sómi láìwo búùtù àti èyí tó wò ó. Èmi rò pé ó wà, ṣùgbọ́n kò tóbi tó bí òfin ṣe sọ pé ó tóbi tó.

Ṣẹ̀gun Agége

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kí wọ́n pe ọlọ́pàá wéré wéré. Mo gbé ọlọ́kadà kan tó ṣubú lọ ọsibítù lọ́dún kan, ìwé ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Títí ilẹ̀ fi ṣú, bí ọ̀daràn ni wọ́n ń wò mí. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà Ìbàdàn ni, àwọn èrò ibẹ̀ lè lù ọ́ pa kí o tó ṣàlàyé. Nítorí náà ìbẹ̀rù Adrián yé mi dáadáa.

Lọ́yà Abúlé

Àánú rẹ ṣe mí, àbúrò, ohun tí o sọ yẹn ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tìrẹ kọ́ ni tirẹ̀. Níbẹ̀, 112 ló máa pè, ọkọ̀ ìwòsàn á wá, Guardia Civil, ọlọ́pàá wọn, á wá, wọ́n á fẹ́ ẹ wò bóyá ó mutí, wọ́n á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kò sí èrò tó máa lù ú. Orúkọ rẹ̀ àti òwò rẹ̀ ló ń bẹ̀rù fún. Ìwọ gbé ọlọ́kadà yẹn dé ọsibítù, bó ti wù kí wọ́n ṣe ọ́ lẹ́yìn náà.

Àṣàbí Zaragoza

Mo ti ń kà láti òwúrọ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ ohun tó dùn mí jù. Ẹ ń sọ ikú Daniel. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?

Báńkì ni ọmọ náà ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti rì, wọ́n ṣètò rẹ̀ bí ẹni pé ó kówó báńkì, ó sì fẹsẹ̀ fẹ. Nítorí náà nígbà tí Tomás, bàbá Daniel, àti ìyàwó rẹ̀ ń wá ọmọ, ọlọ́pàá ń wá olè. Ta ló máa bá ìyá olè káàánú? Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Tiwọn nù, wọ́n tún bà á lórúkọ jẹ́. Èmi lè fojú fo jàǹbá, mo lè gbìyànjú láti lóye ìjayà lójú títì. Èyí ò ní ìjayà nínú. Wọ́n jókòó, wọ́n ronú, wọ́n ṣe é.

Arẹwà, ibi tí mo máa ní kí ẹ wò lẹ́ẹ̀mejì ni ilé àwọn òbí náà. Ọkọ̀ Adrián tí Laura dúró tì kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Ọkùnrin kan tó ń kọjá bá a wọ́ ọ délé, ó ń bá a tún un ṣe, ìyàwó rẹ̀ ń ṣe aájò àlejò. Laura gbójú sókè, ó rí fọ́tò. Ilé ọmọ tó kú náà ló wà. Ìyá rẹ̀ wá ní kóun pe ọmọ òun wò, ó ti pẹ́ jù. Ó tẹ fóònù, fóònù sì dún nínú pálọ̀ níbẹ̀. Ara Laura ló wà, kò sí ohun tó lè ṣe bí kò ṣe kó fi pamọ́ sínú àga, kí wọ́n lè rò pé ọmọ náà gbàgbé rẹ̀ sílé. Ẹ wo ojú ìyá náà. Ìtura ló kún un. Ó rò pé ìdí tí ọmọ òun ò fi gbé fóònù nìyẹn. José Coronado, tó ṣe bàbá, ní tirẹ̀ ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, láti ibi wíwò yẹn ló ti jáde.

Bàbá Onísinimá

Àṣàbí, ẹ ṣeun. Ibẹ̀ ló dára jù nínú gbogbo fíìmù náà, ó dára ju òpin tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ lọ.

Kọ́lá Alágbàwí

Ó yá, òpin gan-an. Obìnrin tó ń bá Adrián sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ní Virginia Goodman lòun, tó ní wákàtí mẹ́ta péré ló kù kí ẹlẹ́rìí kan tó jẹ́rìí: ìyá Daniel ni. Ó ti ṣiṣẹ́ eré orí ìtàgé rí. Ó wọ irun àti ojú ẹlòmíràn, ó ń bá ẹni tó pa ọmọ rẹ̀ jókòó, ó ń fi bí ó ṣe lè bọ́ nínú ẹjọ́ lọ̀ ọ́, títí Adrián fi tọ́ka ibi tí ọkọ̀ wà lórí máàpù fún un. Nínú bírò tó fi sílẹ̀ ni gbohùngbohùn wà. Adrián gbójú sí fèrèsé ilé òdìkejì, ó rí bàbá níbẹ̀, ó rí obìnrin náà tó ń bọ́ ojú àtọwọ́dá kúrò. Goodman gidi ń kanlẹ̀kùn.

Ìbéèrè mi: ṣé ohun tí àwọn òbí náà ṣe dára? Ẹni tó bá bá lọ́yà rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó yẹ kó balẹ̀ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà máa kú sí. Bí a bá fọwọ́ sí i fún ìyá Daniel, ta la máa kọ̀ fún lọ́la? Ọlọ́pàá burúkú náà lè ní òun ń wá òtítọ́.

Ìyá Àdùkẹ́

Kọ́lá, ìwọ ò tíì bímọ ni.

Kọ́lá Alágbàwí

Mo ti bí méjì, mọ̀mí. Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn.

Ìyá Àdùkẹ́

Ó dáa. Ìyá yẹn lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá o. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ jalè. Bàbá lọ kojú Adrián fúnra rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà wo ló tún kù tí kò tíì kàn? Kò gbé ìbọn, kò fún un ní májèlé. Ó ní kó sọ ibi tí ọmọ òun wà. Bó bá jẹ́ èmi ni, ọwọ́ mi ìbá má mọ ní gbohùngbohùn.

Lọ́yà Abúlé

Lójú òfin: ilé ẹjọ́ àgbà tó ń rí sí òfin ilẹ̀ wọn sọ ọ́ láti 1984 pé ẹni tó wà nínú ìjíròrò lè gba ohùn ìjíròrò tirẹ̀ sílẹ̀, kò tàpá sí àṣírí ìbánisọ̀rọ̀. Òfin kan tún wà tó ní ẹ̀rí tí a bá fi ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹ̀tọ́ ẹni kó jọ ò wúlò. Pé ó pe ara rẹ̀ ní lọ́yà ni àwọn agbẹjọ́rò Adrián máa rọ̀ mọ́, wọ́n á sì bá a jà dé góńgó. Ìyá náà mọ ohun tó ń ṣe ṣá. Ibi tí ọkọ̀ wà ló ṣe pàtàkì sí i jù. Bí wọ́n bá fa ọkọ̀ jáde nínú omi tí òkú wà nínú búùtù, olè tó sá lọ ti parẹ́ nìyẹn, bí ilé ẹjọ́ tilẹ̀ da bírò nù.

Àṣàbí Zaragoza

Bí àkókò bá wà, Arẹwà, tàbí ní oṣù tó ń bọ̀, ẹ fi Muerte de un ciclista tẹ̀ lé e. Juan Antonio Bardem ló darí rẹ̀ ní 1955, ó gba ẹ̀bùn àwọn alárìíwísí ní Cannes lọ́dún náà. (Àbúrò bàbá... rárá, ẹ̀gbọ́n ìyá Javier Bardem tí gbogbo yín mọ̀ ni.) Ìdí ọ̀rọ̀ kan náà: àlè méjì nínú ọkọ̀, wọ́n gbá oníkẹ̀kẹ́, ó ṣì ń mí, wọ́n fi í sílẹ̀ torí kí ọkọ obìnrin náà má bàa mọ̀. Ìyàtọ̀ ni pé ìjọba Franco, apàṣẹwàá Sípéènì, ń ṣọ́ fíìmù nígbà náà. Obìnrin alágbèrè gbọ́dọ̀ jìyà kí fíìmù tó parí. Ó jìyà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo oníkẹ̀kẹ́ mìíràn tó débi tí ọkọ̀ rẹ̀ ti já sísàlẹ̀: ó dúró, ó ṣiyèméjì, ó wá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ pe ìrànlọ́wọ́. Tálákà ṣe ohun tí àwọn olówó ò lè ṣe. Àwọn aṣọ́fíìmù Franco jẹ́ kí ìyẹn kọjá.

Ọmọ Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá? Orúkọ ìyá rẹ̀ ló ń jẹ́ ni?

Àṣàbí Zaragoza

Ìyá rẹ̀, Pilar Bardem, àbúrò Juan Antonio ni. Orúkọ méjì ni wọ́n ń jẹ́ ní Sípéènì, ti bàbá àti ti ìyá. Ti ìyá ló yàn láti fi ṣeré.

Bàbá Onísinimá

La isla mínima náà wà, Alberto Rodríguez, 2014, tó gba mẹ́wàá nínú ẹ̀bùn Goya, ẹ̀bùn fíìmù Sípéènì. Ọlọ́pàá méjì ń wá ẹni tó ń pa ọmọbìnrin ní àbàtà odò Guadalquivir ní 1980, ọ̀kan nínú wọn sì ti bá Franco ṣiṣẹ́ ibi. Ìyẹn wúwo ju Contratiempo lọ. Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ o, wọ́n á sùn.

Ṣẹ̀gun Agége

Èmi gbọ́ pé àwọn ará Íńdíà ti ṣe tiwọn. Ṣé ìyẹn ò yá jù fún wọn?

Bàbá Onísinimá

Badla ni, 2019, Amitabh Bachchan àti Taapsee Pannu. Wọ́n yí i: obìnrin ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, bàbá ló sì ń pe ara rẹ̀ ní lọ́yà dípò ìyá. Ítálì ṣe tiwọn ní 2018, Kòríà náà ṣe é. Kí wọ́n wo ti Sípéènì ṣáájú. Bó bá jẹ́ ti Íńdíà lẹ fi bẹ̀rẹ̀, àṣírí ti tú kí ẹ tó dé Sípéènì.

Arẹwà Òkè-Àdó

Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Bébà lójú ọ̀nà, ìnawọ́ kí ìtàn tó yí, ti fóònù nínú pálọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ìbéèrè Kọ́lá. Mo ti mọ àwọn méjì tó máa bá Kọ́lá lọ, àti ìyá kan tó máa fẹ́ lù wọ́n. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n ka àwọn bébà yẹn jáde pẹ̀lú orúkọ, àbí kí n má dárúkọ?

Ìyá Àdùkẹ́

Má dárúkọ. Bí wọ́n bá mọ̀ pé o máa dárúkọ, gbogbo wọn ló máa pe 112.